Báwo ni mo ṣe lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́, àfẹ́sọ́nà àti ìgbéyàwó kí ó sì gún régé?

Aránṣọ Mákùn, Ṣágámù

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Mákùn, nínú ìlú Ṣágámù, mo sì ka ìwé mẹ́wàá jáde kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Ìlú Ọba ni àfẹ́sọ́nà mi ń gbé, àwọn òbí wa ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọjọ́ ìdána sì ti ń súnmọ́lé. Lára ohun tí ìjọba ọ̀hún ń béèrè kí wọ́n tó fún ìyàwó ní ìwé àṣẹ láti lọ bá ọkọ rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele A1, ní ti sísọ àti gbígbọ́. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní IELTS Life Skills ni mo fẹ́ ṣe.

Gẹ̀ẹ́sì ọjà kò le fún mi. Bí oníbàárà bá wọlé, mo lè bá a sọ̀rọ̀ lórí owó iṣẹ́, ìwọ̀n àyà àti ìbàdí, àti ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde, láìsí ìdíwọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ìgbà tí ó bá kan ènìyàn sí ènìyàn: bí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ṣe pàdé, irú ìwà tí ó ní tí mo fi gbà fún un, ta ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ta ni mo kàn mọ̀ lójú, ta ni a jọ jà tí a sì tún parí rẹ̀. Mo ti da ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú ìwé kan, "friend", "love", "marry", "trust", "jealous" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ ìtumọ̀ gbogbo wọn lórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ tò wọ́n di gbólóhùn, n kì í mọ ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí n gbájú mọ́? Apá wo nínú gírámà ni ó ń dààmú àwa Yorùbá jù bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rẹ́? Báwo ni mo sì ṣe lè máa fi dánra wò nígbà tí gbogbo àwọn tí ó yí mi ká jẹ́ Yorùbá bíi tèmi? Ọlọ́run yóò san án fún yín.


Ìyá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, mo kí ọ kú oríire ìgbéyàwó tí ó ń bọ̀. Ayọ̀ ni a ó fi ṣe é. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí sì ká mi lára púpọ̀, nítorí pé mo ti rí ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ tí kò lè fi júwe ọ̀rẹ́ tí ó jókòó tì í. Ìwé tí o da ọ̀rọ̀ kọ sí kì í ṣe àṣedànù rárá. Ohun tí ó kù ni pé kí o padà sídìí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, kí o kọ ohun tí ó máa ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn mọ́ ọn, kí o sì há méjèèjì sórí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn wẹ́wẹ́, "to", "with", "of", "on", tí ó fi ń so ènìyàn mọ́ ènìyàn, kò sì sí òfin kan tí yóò sọ fún ọ èwo ni yóò bá èwo rìn. Àfi kí a há wọn sórí.

Jẹ́ kí a mú "marry" ṣe àpẹẹrẹ. Nínú èdè wa, ènìyàn máa ń ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹlòmíràn, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé "She married with him." Kò tọ̀nà. "She married him" ni, ohunkóhun kò gbọdọ̀ wà láàrin. Bí ó bá jẹ́ ipò tí obìnrin náà wà báyìí ni o fẹ́ sọ, "She is married to him" ni, bí ó bá jẹ́ ayẹyẹ ọjọ́ náà, "They got married in Sagamu." Gbólóhùn "She is married with two children" wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé ó wà nílé ọkọ, ó sì ti bí ọmọ méjì. "Engaged" náà ń gba "to". "In love" ń gba "with", "fall in love" náà sì ń gbà á. "Jealous" àti "proud" ń gba "of". "Rely" ń gba "on". "Trust" kò gba nǹkan kan: "I trust him." Bí ọkùnrin bá sì bi ọ́ pé ṣé o máa fẹ́ òun, "He proposed to me" ni wàá sọ, kì í ṣe "He proposed me."

Ọ̀kan wà tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu: "I am friends with her." Ẹnì kan ṣoṣo ni ìwọ, ẹnì kan ṣoṣo ni òun náà, síbẹ̀ "friends" ni, pẹ̀lú "s" tí ó ń fi ọ̀pọ̀ hàn, nítorí pé ẹnì kan kì í dá ọ̀rẹ́ ṣe. Bákan náà ni "make friends with" rí. Bí o bá fẹ́ lo ẹyọ, sọ pé "She is a friend of mine."

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí jù lọ nìyí, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kì í kọsẹ̀ níbẹ̀ láàrin wa. A máa ń sọ pé "Wọ́n fẹ́ràn ara wọn." Bí ó bá jẹ́ pé olúkúlùkù ń fẹ́ràn ara tirẹ̀, "ara wọn" ni Yorùbá yóò lò, bí ó bá jẹ́ pé ọkọ fẹ́ràn aya, tí aya sì fẹ́ràn ọkọ, "ara wọn" náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. "They love themselves" ń sọ pé tara olúkúlùkù ni ó jẹ ẹ́ lógún, ọ̀rọ̀ náà sì sún mọ́ èébú. "They love each other" ni ti tọkọtaya. Nítorí náà, "We help each other", "We respect each other", "We call each other every night." Bí "themselves" tàbí "ourselves" bá fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ, bi ara rẹ léèrè bóyá ẹni tí ó ṣe nǹkan náà gan-an ni nǹkan náà padà sí lára. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, "each other" ni. Mo ti gbọ́ "themselves" yìí nínú ìwàásù ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó gba oyè yunifásítì, nítorí náà má ṣe rò pé àìkàwé tó ni ó fà á. Èdè abínibí wa ni ó ń fà wá síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti mọ ibi tí wọ́n ti ń fa òun lè dúró.

Ní ti àsìkò, gbólóhùn mẹ́ta ni kí o fi ṣe òpó. "We met in 2019": ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti parí, o sì ti dárúkọ ọdún rẹ̀, nítorí náà "have" kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. "We have known each other since 2019": ó bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ń bá a lọ títí di òní. "We have been friends for many years": "for" ń sọ bí ó ti pẹ́ tó, "since" ń tọ́ka sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ "We are friends since 2019", tàbí "I am knowing him since", nítorí pé ọ̀rẹ́ náà kò tíì parí lójú wọn. Òye wọn tọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fẹ́ "have been" àti "have known" níbẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò ní pe bàbá rẹ̀ ní "ó". "Wọ́n" ni yóò pè é. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé inú Gẹ̀ẹ́sì, yóò ní "My father, they are at home", ẹni tí ó ń gbọ́ ọ yóò sì máa wá àwọn yòókù. Bàbá ni "he", ìyá ni "she", ì báà jẹ́ ọba ìlú. Ìwà àìmọ̀wàáhù kọ́ ni. Ibòmíràn ni Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sí, bíi "please", "could you" àti ohùn ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó" wa kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà ètè lè máa pe àfẹ́sọ́nà ní "she" kí ọkàn tó gbọ́ ọ. Èyí kò ní àlàyé púpọ̀, àsọtúnsọ ni oògùn rẹ̀.


Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn

Ẹ kú ìmúra ìdánwò, àǹtí wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa fún àlàyé wọn. Ìyàwó àbúrò mi ṣe ìdánwò tí ẹ ń sọ yìí kí ó tó lọ bá ọkọ rẹ̀, èmi ni mo sì ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, nítorí náà ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Kì í ṣe ìdánwò tí a ń jókòó kọ àròkọ. Àwọn ènìyàn méjì tí ó wá ṣe é ni wọ́n máa ń pè wọlé pọ̀ síwájú olùdánwò kan, gbogbo rẹ̀ ní ìpele A1 kò sì ju ìṣẹ́jú 16 sí 18 lọ. Olùdánwò yóò bi yín ní ìbéèrè, ẹ ó gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ wá ṣe ìdánwò yóò sì tún bá ara yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń mú bọ̀, pẹ̀lú ọjà rírà, ìlera, ọkọ̀ wíwọ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ kò ní ipò kìíní tàbí ìkejì: ẹ yege tàbí ẹ kò yege, ó tán. A1 ni ó kéré jù nínú ìpele 6 tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ èdè, láti A1 títí dé C2, nítorí náà wọn kò retí kí ẹ sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Gbólóhùn kúkúrú tí ó dúró dáadáa ni kí ẹ máa lépa.

Ohun tí ó jẹ́ ìṣòro fún ìyàwó wa ni pé ó ti há ìdáhùn sórí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ronú kan ìbéèrè. Ẹ rántí pé ẹ ó bi ẹnì kejì yín náà ní nǹkan. Nínú Yorùbá, "ṣé" tàbí "níbo" ni a óò gbé síwájú, ìyókù gbólóhùn yóò sì dúró bí ó ti wà. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń béèrè "do" tàbí "did", ọ̀rọ̀-ìṣe yóò sì padà sí bí wọ́n ṣe bí i. "Where did you meet?" ni, kì í ṣe "Where did you met?" tàbí "Where you met?" "Do you have a best friend?" "How long have you known him?"

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò dáadáa. "What is she like?" ń béèrè ìwà: ẹ dáhùn pé "She is kind and patient." "What does she like?" ń béèrè ohun tí ó fẹ́ràn: "She likes dancing, and she likes ikokore." "What does she look like?" ń béèrè ìrísí: "She is tall and slim." Ẹni tí wọ́n bi ní ìwà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó dáhùn pé ijó ni ó fẹ́ràn kò gbọ́ ìbéèrè náà, àwọn tí ń ṣe ìdánwò sì máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi a máa bi ìyàwó wa ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní wàràwàrà, lórí ènìyàn kan náà, n ó sì máa yí wọn po: ìrísí, ìwà, ohun tí ó fẹ́ràn, ìwà. Lẹ́yìn náà, òun yóò bi èmi náà. Nígbà tí ó yá, kò tún ń ronú mọ́ kí ó tó dáhùn.

Ẹ ní Yorùbá ni gbogbo àwọn tí ó yí yín ká. Ìyẹn kò burú. Ọmọọṣẹ́ yín tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lè jókòó ní ipò ẹnì kejì, bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ ní alẹ́. Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún "he" àti "she" nìkan, kí ẹ sì tún gbọ́ ọ fún "did". Bí ẹ bá gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo àṣìṣe pọ̀, ọkàn yín yóò rẹ̀wẹ̀sì. Ní ti gbígbọ́ ohùn àwọn tí wọ́n ni èdè, BBC ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1943, ẹ̀kọ́ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.


Ọmọ Ìperu

Mo kí ìyá wa, mo kí nọ́ọ̀sì wa. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò sí nínú ìwé gírámà, ó sì lè da ọ̀rọ̀ rú gidi fún ẹni tí ó ń lọ sí ilé ọkọ ní òkè òkun. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwa ti gbà wọlé, tí a sì ti fún ní iṣẹ́ mìíràn.

"Engagement" ni ó ṣáájú. Ní gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bí a bá pè ọ́ sí "engagement", ìdána ni: alága ìdúró àti alága ìjókòó yóò wà níbẹ̀, ẹrù iyàn yóò wà nílẹ̀, àwọn ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀, ẹbí méjèèjì yóò sì wọ ankara tàbí aṣọ òkè. Ní ìlú Ọba, "engagement" ni àdéhùn láàrin ọkùnrin àti obìnrin pé àwọn yóò fẹ́ra, òrùka ni ó sì sábà máa ń fi hàn. Ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín pé "When did you get engaged?", ọjọ́ tí ẹ gbà fún un ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹ bá dáhùn pé "Our engagement is next month", wọn yóò rò pé ẹ kò tíì gbà fún un, bẹ́ẹ̀ ẹ ti ń pe ara yín ní àfẹ́sọ́nà. Ẹ pe ìdána ní "our traditional wedding", ẹ sì sọ ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní gbólóhùn kíkún: "Our families have met." Bí ẹ bá kàn pè é ní "introduction", kò ní yé wọn.

"Mate" náà wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, "mate" ni ẹgbẹ́ ẹni, a sì máa ń fi bínú pé "I am not your mate." Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ọ̀rẹ́ ni, wọ́n sì lè pe awakọ̀ tí wọn kò mọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó bí yín nínú bí ẹnì kan bá pè yín bẹ́ẹ̀. "Toast" tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń lò fún kí ọkùnrin dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin kò ní ìtumọ̀ yẹn lọ́dọ̀ wọn rárá. Búrẹ́dì tí a yan ni, tàbí kí a gbé ife sókè láti fi yẹ́ ènìyàn sí. "He asked me out" ni kí ẹ lò.

Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń pe gbogbo ìwọ̀nyí ní àṣìṣe. Gẹ̀ẹ́sì tiwa ni, a sì gbọ́ ara wa yé. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé kí ẹ mọ ẹni tí ó jókòó síwájú yín lọ.


Aránṣọ Mákùn, Ṣágámù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kò ní rí ìbànújẹ́. Ìyá wa, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "to" àti "with" mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé mi, mo sì ti rí i pé ohun tí mo rò pé mo mọ̀ kò tíì dọ́gba. Nǹkan méjì ni ó kù tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye lé lórí. Èkíní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọ̀rẹ́ mi tí ó sún mọ́ mi jù lọ láyé yìí, "ìyàwó wa" ni mo sì ń pè é nígbà gbogbo, nítorí pé mo ti wà nílé kí ó tó wọlé. Kí ni kí n pè é níwájú olùdánwò? Èkejì, báwo ni kí n ṣe sọ pé èmi àti ènìyàn jà, tí a sì parí rẹ̀, láìlo "fight", tí ó dà bí ẹni pé a na ara wa?


Ìyá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, ìbéèrè méjèèjì dára. Má ṣe pe ìyàwó ilé ní "my wife" níwájú ẹni tí kò mọ àṣà wa. Ẹni náà yóò gbà pé ìwọ ni o fẹ́ ẹ. "My brother's wife" ni ó rọrùn jù, "my sister-in-law" náà sì dára. Bí wọ́n bá pọ̀, "sisters-in-law" ni. Ara "sister" ni "s" ń lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" tí a ń lò nílé ń sọ ẹni tí ó ṣáájú nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ mọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kí ó tó bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí. "My elder brother", "my younger sister". Ọmọ àbúrò bàbá rẹ kì í sì ṣe "brother" lọ́dọ̀ wọn bí ó ti wù kí ẹ sún mọ́ra tó, "cousin" ni.

Ní ti ìjà, òótọ́ ni o sọ, "fight" lè mú kí wọ́n ronú kan ẹ̀ṣẹ́. "We fell out" ni kí o lò fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tí ẹ jọ bínú síra, "We made up" sì ni pé ẹ ti parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àríyànjiyàn lásán ni, "We had an argument" tó. "We broke up" ni ti àwọn tí wọ́n ń fẹ́ra tí wọ́n sì pínyà. Tọkọtaya tí ilé-ẹjọ́ tú ká ni a ń lo "divorced" fún, má ṣe gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. "We get on well" ni pé ọ̀rọ̀ yín wọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa sọ "get along", wọ́n á sì gbọ́ èyí tí o bá lò nínú méjèèjì.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí ó wà nínú irú àwọn ọ̀rọ̀ olórí-méjì bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ẹni tí a ń sọ yóò jókòó sí. Nínú "ask out" àti "let down" (kí a já ènìyàn kulẹ̀), bí ó bá jẹ́ "him", "her" tàbí "me" ni, àárín ni yóò wọ̀: "He asked me out", "She let me down." A kì í sọ pé "He asked out me." Ṣùgbọ́n "look up to" (kí a máa wo ènìyàn bí àwòkọ́ṣe) àti "get over" (kí a gbé ìfẹ́ ẹnì kan kúrò lọ́kàn) kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ àárín wọn: "I look up to my mother", "She got over him." Kọ gbólóhùn kíkún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, má kọ ọ̀rọ̀ nìkan, ibi tí ẹni náà jókòó sí yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ náà wọlé sí ọ lórí.

Fi etí sí ìró pẹ̀lú. Yorùbá kò ní "z", "s" inú "husband" àti "cousin" sì ń dún bíi "z" lẹ́nu wọn. "Th" inú "mother" àti "brother" kì í ṣe "d". Ahọ́n gbọ́dọ̀ kan eyín òkè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó kọjá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wàá máa lò jù nìyí, nítorí náà ó yẹ kí o dúró tì wọ́n.

Fún ìdánrawò, wá fọ́tò kan tí àwọn ènìyàn rẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín tàbí ti ayẹyẹ ẹbí mìíràn. Àwa níbí a máa ń ní irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́yìn Ojúde Ọba, nígbà tí regbẹ́regbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, kí o sọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ọ, bí ẹ ṣe mọra, ìgbà tí ẹ ti mọra, ìwà rẹ̀, àti bí ẹ ṣe ń ṣe síra. "The woman on the left is my brother's wife. I have known her since 2015. She is honest and very funny. We fell out once, but we made up, and now we tell each other everything." Má ṣe sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nítorí kí gbólóhùn lè dùn; ọ̀rọ̀ tí o mọ̀ dájú ni kì í wọ́n ọ lẹ́nu bí wọ́n bá ṣàdédé bi ọ́ ní ìbéèrè mìíràn lé e. Bí o bá dé orí àfẹ́sọ́nà rẹ nínú fọ́tò náà, kọ èyí tí o bá fẹ́ sọ nípa rẹ̀ síbí, kí n lè bá ọ yẹ àwọn "to" àti "with" inú rẹ̀ wò kí o tó gbà á sórí fóònù.